Àbọ̀ ọ̀rọ̀ PSA bàbá mi

Ẹ̀yin ará, mo padà wá jábọ̀. Mo bèèrè níjọ́sí bóyá kí bàbá mi ní London kọ́kọ́ ya MRI (àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ onímágínẹ́ẹ̀tì ń yà) kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ nínú próstéètì wọn (ẹṣẹ́ ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀) fún àyẹ̀wò, torí PSA wọn, ìyẹn èròjà tí próstéètì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ga dé 8.4. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí MRI ṣáájú lẹ jàre. Kókó kan hàn lápá òsì, PI-RADS 4: nínú máàkì 1 sí 5, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ jẹjẹrẹ. ADC ibẹ̀, ìyẹn iye tí MRI fi ń wọn bí omi ṣe ń rìn nínú ẹran ara, lọ sílẹ̀: omi ò ráyè rìn, torí àwọn sẹ́ẹ̀lì ti fún mọ́ra. Ojú kókó yẹn gan-an ni wọ́n gún. Jẹjẹrẹ ni, Gleason (máàkì bó ṣe le tó) rẹ̀ jẹ́ 3+4, ó wà láàárín.

Ẹni tó ní ADC nìkan ti tó láti mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni, ìdajì ló jàre: ó tọ́ka sí ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n dókítà ní iye rẹ̀ ń yàtọ̀ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, kò lè rọ́pò abẹ́rẹ́.

Ó ku ká mọ̀ bóyá wọ́n á kàn máa ṣọ́ jẹjẹrẹ náà ni tàbí wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ. Bàbá ò fẹ́ gbọ́ ọ̀bẹ sétí; ariwo ẹ̀rọ MRI náà ni wọ́n ṣì ń ráhùn lé lórí. Ẹ ṣeun.