Òkun Ni Mo Torí Rẹ̀ Gbéra, Orí Òkè Ni Mo Ti Jẹ̀gbádùn: Alùpùpù Méjì láti Badagry dé Atakpamé

Wọ́n ní kí oníkálùkù wa tó ń gun alùpùpù sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà etí òkun tàbí ti orí òkè tí ó ti gùn rí. Mo ti ka ìrírí àwọn tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi lórí ọ̀nà òkè Ọbúdú àti ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, n kò sì ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ohun tí ojú oníkálùkù rí ni a ní kí ó mú wá, ọ̀nà tí èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni èyí tó ti Badagry gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, tó tẹ̀ lé etí òkun Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dé Lomé, tó wá ṣẹ́rí sí apá àríwá lọ gun àwọn òkè Kpalimé, Danyi àti Atakpamé. Òkun ni mo torí rẹ̀ kúrò nílé. Orí òkè ni mo tó mọ̀ pé alùpùpù ni mo gùn.

Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ mẹkáníìkì ni a jọ lọ. Bajaj Boxer, ọ̀kadà tí gbogbo wa mọ̀, ni òun gùn. Èmi gun Honda kan tó fi díẹ̀ ga jù ú lọ, tí n kò sì rí àǹfààní gíga rẹ̀ títí a fi padà. Ìwé ìrìnnà, káàdì ìwòsàn aláwọ̀ ìyeyè, ìwé alùpùpù àti káàdì adójútòfò ti ECOWAS wà lọ́wọ́ wa, síbẹ̀ àwọn agbófinró tó ń na okùn sójú ọ̀nà láàrin Badagry àti ẹnubodè kò jẹ́ kí a tẹ jíà kẹta. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ, ẹni tí kò bá sì gba ibẹ̀ rí, kí ó mú sùúrù dání.

Ní òdìkejì ẹnubodè, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n yẹ̀ wò ni epo. Epo tí wọ́n ń pè ní kpayo, tí wọ́n ń kó wọlé láti Nàìjíríà, wà nínú ìgò lórí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà láti Kraké títí dé Kútọnu, ó pọ́n bí oyin. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ni iye rẹ̀ ti fò sókè, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tà á kò kúrò níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yọ aṣọ funfun kan nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sínú àrọ, ó ní kí obìnrin náà rọra dà á. Nígbà tí ó ká aṣọ náà kúrò, iyanrìn dúdú wẹ́wẹ́ ló ṣẹ́kù sí i. Ó fi hàn mí láìsọ̀rọ̀, ó tún aṣọ ká padà sínú àpò.

Láti Kútọnu, ẹ má gba òpópónà ńlá bí ẹ bá ní àsìkò. Ọ̀nà àwọn apẹja wà tó bẹ̀rẹ̀ láti Fidjrossè, tó sì fi nǹkan bíi 40 kìlómítà tẹ̀ lé etí omi lọ sí Ouidah. Apá kan rẹ̀ jẹ́ ọ̀dà nígbà tí a gbà á, apá kan jẹ́ iyanrìn, orí iyanrìn náà ni ó sì ti di iṣẹ́, nítorí pé bí ènìyàn bá dín eré kù nínú rẹ̀, táyà iwájú á rì, alùpùpù á sì fẹ́ dùbúlẹ̀. A kọjá níbi tí àwọn ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé ti tò sórí okùn kan ṣoṣo, tí wọ́n ń fa àwọ̀n jáde nínú òkun, tí wọ́n ń kọrin sí i. Ọ̀nà náà já sí Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ ní Ouidah, ọwọ̀n ńlá tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1995 sí ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn ènìyàn wa sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sóko ẹrú. A pa ẹ́ńjìnnì méjèèjì kí a tó súnmọ́ ọn. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé kí a ṣe bẹ́ẹ̀.

Grand-Popo dára, igi àgbọn rẹ̀ pọ̀, ẹja rẹ̀ kò wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ sinmi, ibẹ̀ ni kí ó sùn. Ṣùgbọ́n ní ti ọ̀nà fúnra rẹ̀, gbọọrọ ló lọ, kò sí kọ́nà kan tí yóò jí ènìyàn lójú oorun.

Ní Hilla-Condji ni a ti wọ Tógò, ibẹ̀ ni aago sì ti fi wákàtí kan padà sẹ́yìn. Etí òkun Tógò kò tó 60 kìlómítà látòkè délẹ̀, ènìyàn lè fi òwúrọ̀ kan gùn ún tán kí ó tún jókòó jẹun, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti lo àkókò jù lọ ní gbogbo etí òkun, nítorí ohun tí òkun ń ṣe fún ilẹ̀ níbẹ̀. Ní Agbodrafo, adágún Tógò wà lápá kan ọ̀nà, òkun wà lápá kejì, ilẹ̀ tó wà láàrin wọn kò sì fẹ̀. Mo rí ilẹ̀ yàrá kan tí wọ́n fi táìsì funfun ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ìdajì rẹ̀ wà lórí iyanrìn, ìdajì tó kù ti já sómi. Níwájú rẹ̀, kànga kan dá dúró láàrin ìgbì, òrùka kọnkéré rẹ̀ yọ sókè, omi iyọ̀ ń wọ inú rẹ̀ ó sì ń jáde. Ọkùnrin kan tó ń tún àwọ̀n ṣe nítòsí na ọwọ́ sí òkun láti fi ibi tí ilé bàbá rẹ̀ wà hàn wá. Ọ̀nà ọ̀dà ti àtijọ́ náà ti wọ inú omi lọ ní ibòmíràn.

Ohun tó fa èyí kì í ṣe àwámárìídìí. Iyanrìn etí òkun wa máa ń rìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Ìdídò Akosombo ní Gánà, tí wọ́n parí ní ọdún 1965, dá iyanrìn odò Volta dúró kó má bàa dé òkun. Nígbà tí wọ́n sì kọ́ èbúté Lomé ní àwọn ọdún 1960, ògiri òkúta rẹ̀ dá èyí tó kù dúró. Iyanrìn ń gbárajọ sí ìwọ̀ oòrùn èbúté, ebi iyanrìn sì ń pa ìlà oòrùn rẹ̀ láti Baguida dé Aného. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ kọjá kò ní rí èyí, torí pé ilé àti igi ló bo etí omi. Alùpùpù ló jẹ́ kí a lè yà sí gbogbo ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ sí òkun, kí a wò, kí a sì padà sórí ọ̀nà.

Lómìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀nà tí a gbà ní Tógò kì í ṣe tuntun. Àwọn ará Jámánì tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Togoville, ní òdìkejì adágún yẹn gan-an, ní oṣù keje ọdún 1884, ni wọ́n la ojú irin láti Lomé dé Aného ní ọdún 1905 nítorí àgbọn, tí wọ́n sì la òmíràn dé Kpalimé ní ọdún 1907 nítorí kòkó. Àgbọn ni a fi sílẹ̀ lẹ́yìn, kòkó ni a dojú kọ.

Láti Lomé dé Kpalimé jẹ́ nǹkan bíi 120 kìlómítà, ilẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ títí òkè Agou fi yọ lápá ọ̀tún. Òun ló ga jù ní Tógò, mítà 986. Ọ̀nà ọ̀dà tóóró kan gùn ún dé ìtòsí ṣóńṣó rẹ̀, níbi tí àwọn òpó tẹlifíṣọ̀n àti ti fóònù wà, ó sì ń gba àárín abúlé, oko kọfí àti igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù nígbà tí a dé ìdajì rẹ̀. Boxer kọ́kọ́ ń mí gúlegúle, ẹ̀gbọ́n fà á sí jíà kejì, ó sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìyọ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n ní bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ènìyàn á rí adágún Volta láti òkè yẹn. Ọyẹ́ ni àwa rí.

Sísọ̀kalẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọkùnrin kan tó gbé odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà méjì sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀ ń lọ níwájú wa, ó ti pa ẹ́ńjìnnì kí epo má bàa jó, bíréèkì nìkan ni ó fi ń mú un. Òórùn rọ́bà jíjóná kọlù wá kí a tó rí i tí ó yà sẹ́bàá ọ̀nà, tí ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì fa ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n sọ̀kalẹ̀, ó ti ìka bọ omi, ó tọ́ ọ sára irin àgbá bíréèkì ẹ̀yìn, omi náà sì hó ṣàà. Faransé tí a gbọ́ kò ju ìkíni lọ, nítorí náà ọwọ́ ni ó fi ṣàlàyé fún un: kí ó jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀, kí ó má da omi sí i, kí ó jí ẹ́ńjìnnì, kí ó fi jíà kejì sọ̀kalẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa dì í mú. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi.

“Àbúrò, ṣé o rí i? Ìka méjì ni kí o gbé lé bíréèkì, kí o má fún un.”

“Mo ti gbọ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ níwájú kí n máa wo iná ẹ̀yìn yín.”

Bí a ṣe sọ̀kalẹ̀ nìyẹn, tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sábà tàn. Mo kọ́ ohun tí ọdún púpọ̀ ní ojú títì Èkó kò kọ́ mi: pé ojú kì í wo táyà iwájú, òpin kọ́nà ni í wò, alùpùpù á sì tẹ̀ lé ojú.

Lẹ́yìn Kpalimé, a yà sí Kouma-Konda, nítòsí ẹnubodè Gánà, níbi tí igi ti pàdé lókè ọ̀nà tí labalábá sì pọ̀. Láti Adéta ni a tún ti gun òkè Danyi, ọ̀nà tó ń ṣẹ́ kọ́nà lórí kọ́nà, tí àfonífojì ń ṣí sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tó ń gbé ní ilé àdúrà Dzogbégan lókè níbẹ̀ máa ń ta kọfí àti jáàmù èso tí wọ́n ṣe fúnra wọn, mo sì rà nínú méjèèjì. Bí a bá ní kí n mú ibì kan ṣoṣo padà gùn lọ́la, gígun Danyi láti Adéta ni, kì í ṣe etí òkun kankan.

Atakpamé jókòó láàrin àwọn òkè, àwọn ilé rẹ̀ gun ara wọn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àwọn ẹ̀yà Ana tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ifẹ̀, sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn ti ṣẹ̀ wá. Màmá kan tó ń gún iyán lẹ́bàá ọ̀nà ni ẹ̀gbọ́n kí ní Yorùbá láìronú. Màmá náà dáhùn ní ti ilé rẹ̀, a gbọ́ ọ ní ìdajì, òun náà gbọ́ wa ní ìdajì, ó bi wá bóyá àlàáfíà ni àwọn ará ilé wa wà, ó sì fi ẹran kún ọbẹ̀ wa. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ Faransé tí a ti fi ọwọ́ sọ, oúnjẹ náà wọ̀ mí lára ju bí ó ti yẹ lọ.

A gba Notsé, Tohoun àti Abomey padà sí Kútọnu, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ lórí ìyẹn. Sí àwọn tó bèèrè irú alùpùpù tó yẹ: Boxer tó, bí bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ bá jẹ́ tuntun nígbà tí ẹ bá ń kúrò ní Lomé. Oṣù kọkànlá ni mo fara mọ́, nígbà tí òjò ti dá, tí ọyẹ́ kò sì tíì bo ojú òkè, ẹ kàn má dé orí Danyi lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú.