Highlander 2010 ní 270 hp (agbára ẹṣin), Jaguar 1953 ní 220 hp: kí ló wá dé?

ỌmọLísàbí:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ́ńjìnì jíìpù Toyota Highlander 2010 oní V6 jẹ́ 3,456 cc (ìwọ̀n àyè tí píṣítìnì ti ń ṣiṣẹ́). Ti Jaguar C-type 1953 jẹ́ 3,442 cc. Píṣítìnì mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ní. Agbára jíìpù ló pọ̀ jù. Kí ló wá sọ Jaguar di ọkọ̀ ìje? Èwo ló sì lè fara da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Abẹ́òkúta?

Mẹkáníìkì Kútọ̀:
Ìwọ̀n ara wọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Jaguar yẹn ò ju bíi tọ́ọ̀nù kan lọ. Highlander ti ń lọ sí méjì kí ìyá, bàbá àtọmọ tó wọlé. Ẹ bá mi ṣírò: bíi 220 hp fún tọ́ọ̀nù kan níbẹ̀, kò tó 150 níbí. Jaguar tún kúrú nílẹ̀, atẹ́gùn ò rí i dì mú. Òun ni àwọn awakọ̀ ìje Rolt àti Hamilton fi gbapò kìíní níbi ìje Le Mans ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún náà, wákàtí 24 gbáko, ìpíndọ́gba bíi kìlómítà 170 ní wákàtí kan. Kabúrétọ̀ Weber mẹ́ta (tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn), fáàfù 12 (ẹnu ọ̀nà atẹ́gùn àti èéfín), kò sí kọ̀ǹpútà. Ó yẹ ká kí àwọn tó ṣe é! 50 hp tí jíìpù fi jù ú, fáàfù 24, VVT-i (ètò tó ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà) àti ínjẹ́tọ̀ tó ń fọ́n epo ló mú un wá.

BàbáBíréèkì:
Ẹ̀gbọ́n, bíréèkì ló jọ mí lójú jù. Jaguar yẹn ló kọ́kọ́ fi díìsìkì (àwo irin tí bíréèkì ń fún mọ́) borí ní Le Mans nígbà tí ọ̀pọ̀ ṣì ń lo dúrọ́ọ̀mù (bíréèkì inú irin bí ìlù). Tí dúrọ́ọ̀mù bá gbóná, ṣe ló ń fẹ̀ kúrò lára láínììnì (awọ bíréèkì). Pẹ́dà á wọlẹ̀, ọkọ̀ ò ní tètè dúró. Díìsìkì wà ní gbangba, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ. Irú rẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Highlander.

Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀nù méjì lẹ fẹ́ dá dúró. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lápá Ìtòkú, ẹ fi sí jíà ìsàlẹ̀ kí ẹ́ńjìnì bá yín dì í mú. Ẹ má tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ẹ sì máa pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 lọ́dún méjì méjì, torí ó máa ń fa omi mọ́ra. Tuntun ò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C. Èyí tó ti fa omi lè hó ní bíi 140°C. Tó bá ti hó, pẹ́dà á rọ̀ pẹ̀tẹ̀.

Rewáyà_Láfẹnwá:
Ẹ jẹ́ n fi ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kún un. Ọkọ̀ ìje àtijọ́ gbójú lé atẹ́gùn eré láti tu rédíétọ̀ rẹ̀; tó bá dúró pẹ́, omi á hó, epo á bo pílọ́ọ̀gì. Fáànù iná Highlander ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fi bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ga sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wo páìpù ọ́ìlì VVT-i. Àwọn 2GR-FE (orúkọ ẹ́ńjìnì V6 yìí) àkọ́kọ́ kan ní rọ́bà láàárín rẹ̀. Tó bá bẹ́, ọ́ìlì á tú dànù, ẹ́ńjìnì á nọ́ọ̀kì. Onírin pátápátá ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Lítà 6.1 ni ẹ́ńjìnì náà ń gbà pẹ̀lú fílítà, gálọ́ọ̀nù onílítà mẹ́rin kan ò tó o.