Ìbọn àtijọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà: ṣé kí n ha á kó máa dán?

Akójọ_Tuntun: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó o. Ọwọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ìbọn kan tó ń fi akọ òkúta ṣáná, irú èyí tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu. Adé àti lẹ́tà GR wà lára irin pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ TOWER sí ìdí irin náà. Ọ̀pá rẹ̀ ti di aláwọ̀ ilẹ̀, igi ìdí rẹ̀ ti dúdú. Mo ti ra sáńpépà àti fáníìṣì sílẹ̀. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Ṣakabùlà: Àbúrò, jọ̀ọ́, gbé sáńpépà yẹn sọnù! Ọdún gbọgbọrọ ló fún irin yẹn ní àwọ̀ tó ní. Tó o bá ha á kúrò, kò sẹ́ni tó lè dá a padà. Àwọn àmì kéékèèké tí wọ́n lù sára ọ̀pá nígbà tí wọ́n dán ìbọn náà wò kò jinlẹ̀ rárá, sáńpépà á sì gbé wọn lọ. Àwọn àmì yẹn gan-an la fi ń mọ ìtàn ìbọn!

Kó o tó ṣe ohunkóhun, wò ó bóyá ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀tù dúdú tí omi ò kàn kì í kú, bó ti wù kó pẹ́ tó. Má kọjú ẹnu ìbọn sí ẹnikẹ́ni. Ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú ọ̀pá títí yóò fi kanlẹ̀, sàmì síbi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba, fà á jáde, kó o wá fi wé ọ̀pá níta. Ó yẹ kó dé ẹ̀gbẹ́ ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé. Tó bá ku bí ìka méjì mẹ́ta kó dé ibẹ̀, nǹkan wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Má gbẹ́ ẹ, alágbẹ̀dẹ ìbọn ni kó o gbé e fún.

Ibi tí ìpáàrà bá ti pọ́n, tó ń bọ́ bí ìyẹ̀fun, òróró àti òwú irin tó múná jù, 0000, ni kó o fi rọra pa á. Kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Fáníìṣì kò gbọdọ̀ kan igi yẹn láéláé.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ: Òótọ́ ni Bàbá sọ. Àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ George, láti 1714 sí 1830, ló ni GR yẹn, TOWER sì ni ilé ìbọn ìjọba wọn ní London, àmọ́ àwọn tó ń ṣe àfarawé náà ń lu TOWER sára tiwọn. Wọn ọ̀pá rẹ̀ kó o lè mọ irú ìbọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́: ọ̀pá Long Land jẹ́ ínṣì 46, Short Land 42, India Pattern 39.

Akójọ_Tuntun: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Igi náà dé ẹ̀gbẹ́ ihò. Ínṣì 39 ni ọ̀pá!

Bàbá Ṣakabùlà: Áà, inú mi dùn! India Pattern ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé bá Napoleon jà. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gé ọ̀pá gígùn kúrú. Wo òkè ọ̀pá nítòsí ẹnu: ó yẹ kí ṣóńṣó irin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ ìbọn kọ́. Tí kò bá sí, tàbí tó wà létí ẹnu gan-an, wọ́n ti gé e. Ya fọ́tò rẹ̀ wá.