Ọwọ́ bàbá mi ń gbọ̀n bí wọ́n bá jókòó lásán, àmọ́ nídìí òfì kì í gbọ̀n

Ọmọ Òkèlèlé: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀. Aṣọ òfì ni bàbá mi ń hun láti kékeré, n'Ílọrin níbí náà. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni ọwọ́ ọ̀tún wọn ti ń gbọ̀n. Wọ́n á máa gbọ́ rédíò, ọwọ́ á wà lórí itan, àtàǹpàkò á máa yí lára ìka ìfábẹ̀lá bí ẹni ń fa tẹ̀sùbáà. Bí wọ́n bá ti bọ́ sídìí òfì, tí wọ́n di òwú mú, ọwọ́ á dúró gbọn-in. Ẹ̀gbọ́n mi ní iṣẹ́ ayé ni, pé àìsàn gidi kì í mọ ìgbà tí èèyàn ń ṣiṣẹ́. Hàntú, omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ Kùránì kúrò lára wàláà, ni bàbá mi ń mu báyìí. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Pàkátà: Ọjọ́ orí ni. Ara àgbà ò lè ṣe bíi tàná mọ́.

Físíò Ọ̀fà: Bàbá, ẹ má bínú sí mi o, ọjọ́ orí nìkan kì í sábà mú ọwọ́ kan kó fi ìkejì sílẹ̀.

Ọmọ Òkèlèlé, ohun tí ẹ̀gbọ́n yín fi ń ṣe ẹ̀rí ayé yẹn gan-an ló jẹ́ kí n fura sí àìsàn Parkinson. James Parkinson, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1817, ó sì ti sọ níbẹ̀ pé ìgbà tí ẹ̀yà ara ò bá ṣiṣẹ́ ló ń gbọ̀n.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ara ń ṣe ló ń gba àṣẹ lọ́wọ́ wa. Ọkàn ń lù, ìfun ń ti oúnjẹ lọ, a ò rán wọn níṣẹ́. Bí ọwọ́ bá kan ìkòkò gbígbóná, ọ̀pá-ẹ̀yìn ló ń dá a padà. Ọwọ́ á ti kúrò kí ọpọlọ tó gbọ́ pé ó dùn. Aṣọ híhun ní tiẹ̀, àṣẹ ni. Apá òsì ọpọlọ ló ń pa á fún ọwọ́ ọ̀tún, torí ọ̀pọ̀ fọ́nrán tó ń gbé àṣẹ náà wá ń ré kọjá sí òdìkejì nísàlẹ̀ ọpọlọ.

Àṣẹ yẹn kì í dá rìn ṣá. Nínú ọpọlọ lọ́hùn-ún, àwọn ibì kan ń bá wa tò ó: kí iṣan tó yẹ kó ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́, kí èyí tó yẹ kó dákẹ́ dákẹ́. Wọn ò lè ṣe é láìsí dopamine, èròjà kan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó sì ń ṣe dopamine ló ń kú díẹ̀díẹ̀ nínú Parkinson. Gbígbọ̀n tẹ́nì kan ò rán níṣẹ́ á wá yọjú. Bí bàbá bá mọ̀ọ́mọ̀ lo ọwọ́, ó sábà máa ń rọlẹ̀.

Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń falẹ̀, bóyá apá yẹn kì í fì mọ́ bí wọ́n bá ń rìn, bóyá ìgbẹ́ wọn ń le. Ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání lọ bá dókítà. Àwọn oògùn kan wà, títí kan oògùn tó ń dá èébì dúró, tó máa ń mú irú rẹ̀ wá.

Ìyá Ẹlẹ́kọ Òmù-Àrán: Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Bí n bá jókòó, kò sí nǹkan. Kí n ṣáà ti gbé ife dé ẹnu, ó di gbọ̀n-gbọ̀n. Bó ṣe ń ṣe ìyá mi náà nìyẹn.

Físíò Ọ̀fà: Mà, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Èyí tó ń wá lẹ́nu iṣẹ́, tó tún ń rìn nínú ẹbí, oògùn rẹ̀ náà ọ̀tọ̀ ni. Ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò.

Ọmọ Òkèlèlé: Apá yẹn kì í fì mọ́ lóòótọ́! Ṣé ká gba òfì lọ́wọ́ wọn?

Físíò Ọ̀fà: Kí lẹ fẹ́ gbà á ṣe? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa hun ún. Hàntú náà, ẹ má bá wọn jà lé e lórí, kó má ṣáà dí ọjọ́ dókítà lọ́wọ́.