Lórí "wèrè ogun": ẹ jẹ́ ká tún un wò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀gbọ́n tó dá a lábàá láná pé ká máa pe àìsàn tí ogun ń dá sílẹ̀ lọ́kàn sọ́jà, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní PTSD, ní "wèrè ogun", mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Ẹ ní ó kúrú, ó sì yé tọmọdé tàgbà. Bó ṣe yé wọn yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹni tí àdúgbò bá ti pè ní wèrè, ta ni yóò fọmọ fún un? Ta ni yóò gbà á síṣẹ́?

Ẹ wo àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn sọ́jà wọn kan ń gbọ̀n, àwọn mìíràn yadi, kò sì sí ọgbẹ́ kankan lára wọn. "Shell shock" ni Dókítà Charles Myers pè é nínú ìwé ìṣègùn Lancet lọ́dún 1915, torí wọ́n rò pé bọ́ǹbù tó ń bú nítòsí ló ń mi ọpọlọ. Àlàyé yẹn kò dúró pẹ́, àmọ́ ó kéré tán, bọ́ǹbù ni orúkọ náà dá lẹ́bi. Ẹni tí wọn ò bá fún ní orúkọ yẹn, ojo ni wọ́n ń pè é. Harry Farr, sọ́jà wọn kan, ti gba ìtọ́jú shell shock fún oṣù bíi mélòó kan ní ọsibítù kí wọ́n tó dá a padà sójú ogun. Nígbà tó ní òun ò lè lọ mọ́, àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ ló yìnbọn pa á ní October 1916. Ọdún 2006 ni ìjọba wọn tó dárí ji àwọn 306 tí wọ́n pa báyẹn, òun náà wà nínú wọn. Wọ́n "dárí jì" wọ́n, ẹ gbọ́ o! Ta ló ṣẹ ta?

Lọ́dún 1943 pàápàá, Ọ̀gágun Patton ti Amẹ́ríkà ṣì gbá sọ́jà méjì létí ní ọsibítù àwọn sọ́jà ní Sicily, ó ní ojo ni wọ́n. Akitiyan àwọn sọ́jà tó ti ogun Vietnam bọ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí PTSD wọ ìwé àwọn dókítà ọpọlọ lọ́dún 1980. Ohun tí ojú èèyàn rí wà nínú ìtumọ̀ àìsàn náà látìgbà náà.

"Ìpayà ogun" tí àǹtí wa mú wá sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù nìkan ló sọ. Ìbínú òjijì ńkọ́? Àìróorunsùn ńkọ́?

Èmi fẹ́ "àjàkù ogun", bí a ṣe ń sọ àjẹkù àti àlòkù: ogun tó ṣẹ́ kù, tí èèyàn ṣì ń jà nínú ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tí kò bá fi àmì ohùn sí i yóò kà á bí àjàkú akátá. Ẹ jẹ́ ká máa fi àmì sí i nígbà náà.