Gbájú-ẹ̀ tó ń dọdẹ àwọn òbí wa ní Ìlú Ọba

Ìyá Ìbejì, Peckham: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn àgbàlagbà kiri pé òrùlé wọn ti bàjẹ́ tún ti gbòde. Bí òbí ẹni bá ti fọwọ́ sí ìwé fún wọn, ṣé ó ṣì lè yọwọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Leeds: Ó lè yọwọ́, mà. Iṣẹ́ tàbí ọjà tó ju £42 lọ, tí wọ́n bá èèyàn ṣàdéhùn lé lórí nínú ilé rẹ̀, òfin ọdún 2013 fún un ní ọjọ́ 14 láti fagi lé e, kò sì pọn dandan kó sọ ìdí. Ti iṣẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ọjọ́ kejì tó fọwọ́ síwèé. Ti ọjà, láti ọjọ́ kejì tí ẹrù dé. Bí wọn ò bá kọ ẹ̀tọ́ yìí fún màmá, àyè náà lè fi oṣù 12 gùn sí i. Orúkọ, àdírẹ́sì, ọjọ́ àdéhùn àti “mo fagi lé àdéhùn yìí” ti tó. Ẹ fi í-meèlì ránṣẹ́ kí ọjọ́ hàn lórí rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń dẹ páńpẹ́ ni “a máa bẹ̀rẹ̀ lónìí, àkàbà ti wà nínú ọkọ̀.” Bí màmá bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí ọjọ́ 14 tó pé, ó máa san owó ibi tí wọ́n bá iṣẹ́ dé. Bí wọ́n bá parí ẹ̀, ẹ̀tọ́ yẹn lè bọ́. Ìdí tí wọ́n fi ń kánjú nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kó san kéèṣì rárá. Bó bá fi credit card san nǹkan kan lára owó ohun tó ju £100 lọ, tí kò ju £30,000, òfin ọdún 1974 jẹ́ kó lè béèrè owó náà lọ́wọ́ báńkì tó ni káàdì.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Manchester: Ẹ jẹ́ ká fojú sí fóònù náà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá àkáǹtì mọ́. Wọ́n á ní ọlọ́pàá làwọn, tàbí báńkì, pé owó wà nínú ewu, kó gbé e lọ sí àkáǹtì míì, tàbí pé ẹnì kan ń bọ̀ wá gba káàdì. Báńkì kì í ránṣẹ́ wá gba káàdì nílé. Ọlọ́pàá kì í ní kí èèyàn lọ yọ owó.

Wọ́n gbọ́n débi pé wọ́n á ní “ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín.” Lórí fóònù ilé, wọn ò ní gbé tiwọn sílẹ̀, wọ́n á sì máa fi ohùn fóònù tó ṣófo dún sí i létí. Àwọn kan náà ló máa tún gbà á. Fóònù míì ni kó lò, tàbí kó kọ́kọ́ pe ẹni tó mọ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó tẹ 159, tó máa so ó pọ̀ mọ́ báńkì rẹ̀. 159 kì í pe èèyàn o.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ó purọ́ fún akọ̀wé báńkì, olè ni.

Bàbá Ìbàdàn, Luton: Bí owó bá ti lọ, ẹ pe báńkì lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró ṣa ẹ̀rí jọ. Láti October 7, 2024, báńkì gbọ́dọ̀ dá owó tí wọ́n fi ẹ̀tàn gbà látinú àkáǹtì padà, títí dé £85,000, bó bá jẹ́ àkáǹtì UK ló gbé e lọ. Wọ́n lè yọ £100 nínú rẹ̀, àmọ́ wọn ò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ fún ẹni tí àìlera tàbí ìṣòro tó dé bá a jẹ́ kó ṣòro fún láti dáàbò bo ara rẹ̀. Nítorí náà, bí àìsàn ìgbàgbé bá wà, tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ọkọ, ẹ sọ ọ́ ní ìpè àkọ́kọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Gift card, kéèṣì àti owó tó lọ sókè òkun kò sí lábẹ́ ètò yìí. Lẹ́yìn báńkì, 0300 123 2040, nọ́ńbà tí wọ́n ti ń gba ẹjọ́ gbájú-ẹ̀, ni kí ẹ fi ẹjọ́ sùn. Ní Scotland, 101 ti ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń halẹ̀, 999 ni.

Ẹ tún máa ṣọ́nà. Àwọn míì á pè pé àwọn máa bá a gba owó náà padà, kó kàn san owó iṣẹ́. Olè ni àwọn náà.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Ẹ ṣeun gan-an ni. Àwọn tó ń kọ “Mọ́mì, nọ́ńbà mi tuntun rèé” lórí WhatsApp ńkọ́?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Manchester: Kí màmá béèrè oríkì ọmọ náà. Kìkì pé ọ̀pọ̀ wa ti fi oríkì ọmọ sí Facebook níbi ìkíni ọjọ́ ìbí, nítorí náà ẹ yan ọ̀rọ̀ míì tí ilé nìkan mọ̀. Kó sì pe nọ́ńbà àtijọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ SMS èyíkéyìí tó bá fura sí, kó darí rẹ̀ sí 7726, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ forúkọ fóònù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Telephone Preference Service. Ó lè gba ọjọ́ 28 kó tó ṣiṣẹ́. Kò ní dá olè dúró, àmọ́ ó máa dín ìpè àwọn òǹtajà kù.

Wọ́n tọ́ àwọn òbí wa dàgbà pé àfojúdi ni kéèyàn já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni, ohun tí gbájú-ẹ̀ sì ń jẹ nìyẹn. Ẹ kọ gbólóhùn kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fóònù: “Ọmọ mi ló ń bójú tó irú ọ̀rọ̀ yìí, ó dàbọ̀.” Kó kà á, kó gbé fóònù sílẹ̀. Bó bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo mọ́ wọn. Olè náà ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má sọ fún ọmọ. Bí ẹ bá pariwo, wọn ò ní sọ fún yín mọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Leeds: Fún àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn, nọ́ńbà Citizens Advice, àwọn tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, ni 0808 223 1133. Wọ́n máa ń gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Trading Standards, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mú oníṣòwò tó bá rú òfin, nítorí náà ẹ mú nọ́ńbà ọkọ̀ wọn àti ìwé tí wọ́n fún màmá sítòsí kí ẹ tó pè.