Fífún kọ́, kíkì ni

Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá pé ká máa pe iṣẹ́ tí róólà, ẹ̀rọ tó ń tẹ ilẹ̀ ojú ọ̀nà, ń ṣe (compaction lédè Gẹ̀ẹ́sì) ní "ìfúnlẹ̀", ká sì pe bí omi ṣe pọ̀ tó nínú erùpẹ̀ (moisture content) ní "ìdá omi nínú erùpẹ̀", ẹ kú làákàyè. Àmọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì ò lè pẹ́ ní sáìtì iṣẹ́ ojú ọ̀nà.

Ohun tí a bá fún, omi ló ń jáde lára rẹ̀: à ń fún aṣọ, à ń fún ọsàn. Róólà kì í lé omi, afẹ́fẹ́ ló ń lé kúrò láàárín hóró erùpẹ̀. Ilẹ̀ àbàtà bíi ti Májídùn, tí wọ́n bá di ẹrù lé e, ni omi ń jáde nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fún oṣù, fún ọdún. Ìyẹn ló ni "ìfúnlẹ̀", ẹ jẹ́ ká fi pamọ́ fún un. Ti róólà, kíkì ni. Ṣebí ọdẹ ń kì ẹ̀tù sínú ìbọn ìbílẹ̀, á fi ọ̀pá gún un títí tí kò fi ní sí àlàfo. "Ìkìmọ́lẹ̀" ni mo fọwọ́ sí.

Ti omi ló le. Ní láàbù, wọ́n á wọn erùpẹ̀ tútù, wọ́n á gbé e sínú ófùnù tó gbóná tó 105 sí 110 ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì títí yóò fi gbẹ, wọ́n á tún un wọ̀n. Erùpẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n fi ń pín omi tó lọ, kì í ṣe erùpẹ̀ tútù. Bí 115 gíráàmù bá gbẹ ku 100, 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń kọ, wọn ò ní kọ 13. Ẹ wá bu ẹrẹ̀ dúdú tí ewé jíjẹrà kún inú rẹ̀: 300 lè gbẹ ku 100, ìwé á ní 200 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá wo ló ń ju odindi lọ? "Ìwọ̀n ọ̀rinrin" kò ní irú wàhálà yẹn.

Fọ́máànù ní Ìkòròdú kì í dúró de láàbù. Á bu látéráìtì, erùpẹ̀ pupa tí wọ́n fi ń ṣe ojú ọ̀nà, á dì í mú, á la ọwọ́. Bó bá fọ́ túútúú, "kò tíì mumi"; bó bá lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, "ó ti mumi jù"; bó bá dúró bí ìṣù, tó sì kán sí méjì, á ní kí róólà máa bọ̀. Ohun kan náà ni onímọ̀ ẹ̀rọ kan, R. R. Proctor, fi ìdánwò hàn ní Kalifóníà lọ́dún 1933: bí a ṣe ń bu omi sí i ni ilẹ̀ ń kì sí i, títí dé góńgó kan, lẹ́yìn ìyẹn, omi á gba àyè erùpẹ̀. Góńgó yẹn ni mo ní ká pè ní "ọ̀rinrin wẹ́kú". Mi ò fẹ́ "ọ̀rinrin tó dára jù", torí bí róólà bá wúwo sí i, omi tí erùpẹ̀ kan náà nílò á dín kù. Wẹ́kú ní láti bá nǹkan kan mu.

Ó ku dẹ́ńsítì, ìyẹn bí erùpẹ̀ tó wà nínú àyè kan ṣe wúwo tó. Àwọn kan ti ń pè é ní "ìki", bí ẹ̀kọ ṣe ń ki. Ó dára lẹ́nu, àmọ́ ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú ìwé sáìtì? "Ìki" àti "ìkì" á di "iki" kan náà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gé ìkìmọ́lẹ̀ kúrú sí "ìkì". Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ míì fún dẹ́ńsítì, ẹ gbé e wá.